Odò Wandle: kí ló ń mú omi ga láìsí òjò?

ỌmọẸ̀gbá_Mitcham · Sátidé, 3:10 ọ̀sán

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ odò ni mo gbé wá lónìí, torí ó ti pẹ́ tó ti ń jẹ mí lọ́kàn.

Nọ́ọ̀sì ni mí, ẹ̀bá odò Wandle ni mo sì ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, odò kékeré kan ni ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, gígùn rẹ̀ kò ju bíi kìlómítà 14 lọ. Croydon àti Carshalton ló ti ṣẹ̀, ó gba Mitcham àti Merton kọjá, ó wá já sínú odò Thames ní Wandsworth.

Ògiri àtijọ́ kan wà lẹ́bàá omi nítòsí Ravensbury, bíríkì pupa ni wọ́n fi mọ ọ́n, ewédò ti bo ìdí rẹ̀. Ibì kan ya lára ògiri náà. Láti ibi tó ya yẹn dé ojú omi ni mo máa ń ka bíríkì. Ní aago márùn-ún ìdájí, bíríkì mẹ́fà ni. Tí mo bá ń bọ̀ wálé ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, ó ti di márùn-ún. Òjò kò rọ̀ o. Ní ọjọ́ kejì, bákan náà. Mo ti kà á báyìí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí àrá sán tí òjò sì rọ̀ fún wákàtí kan péré, omi bo ọ̀nà tí a ń rìn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ó ti fà, àfi ọ̀rá àti pákó tó há sára igi. Sátidé tó tẹ̀ lé e ni mo kó àwọn ọmọ lọ wo adágún Carshalton níbi tí odò náà ti ń sun. Ẹrẹ̀ ni a bá, pẹ́pẹ́yẹ ń fi ẹsẹ̀ rìn níbi tó yẹ kí wọ́n ti máa wẹ̀.

Odò kan ṣoṣo, ìwà mẹ́ta. Ẹ bá mi dá sí i.

Ẹnjiníà_Olómi · Sátidé, 5:25 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ìwọ̀n gidi ni ìwọ̀n tí ẹ fi bíríkì ṣe yẹn. Iṣẹ́ mi ni kí n máa wo bí odò ṣe ń ṣàn, inú mi sì dùn púpọ̀ sí ohun tí ẹ kọ yìí.

Omi mẹ́ta ló ń wọ inú Wandle, ìdí nìyẹn tí ẹ fi rí ìwà mẹ́ta.

Àkọ́kọ́ ni omi ìsun. Lábẹ́ àwọn òkè North Downs tó wà lókè Croydon àti Carshalton, òkúta funfun ló wà níbẹ̀, ó rọ̀, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ bí ẹfun. Òkúta yẹn ń mu omi. Òjò tó bá rọ̀ láàárín oṣù kẹwàá sí oṣù kẹta ló ń wọ inú rẹ̀, torí pé nígbà ooru, igi àti koríko ti máa ń fa èyí tó pọ̀ jù mu kó tó wọlẹ̀ jìnnà. Omi náà á wá máa rìn jẹ́jẹ́ lábẹ́ ilẹ̀ títí yóò fi rí ibi sun jáde. Nítorí náà, òjò àrá alẹ́ ọjọ́ kan kò kan adágún Carshalton rárá. Ohun tí ẹ bá níbẹ̀ sọ bí òjò ìgbà òtútù ṣe rí, ó sì tún sọ iye omi tí wọ́n ń fà jáde nínú kànga. Inú òkúta kan náà ni wọ́n ti ń fa púpọ̀ nínú omi ẹ̀rọ tí àwọn ará Sutton àti agbègbè rẹ̀ ń mu.

Ìkejì ni omi títì. Láti Croydon dé Wandsworth, òrùlé, ọ̀dà àti kọnkéré ló bo ilẹ̀. Òjò kò ríbi wọlẹ̀, gọ́tà ló ń gbà, odò ló sì ń bọ́ sí lẹ́ẹ̀kan náà. Òun ló ń ga láàárín wákàtí kan tó sì ń fà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní Ìbàdàn, ẹ ti rí irú rẹ̀ ní Ògùnpa.

Ìkẹta ni ti bíríkì yín. Ní Beddington, lókè ibi tí ẹ dúró sí, ilé-iṣẹ́ ńlá kan wà tó ń fọ omi ìdọ̀tí ìlú mọ́. Omi tí wọ́n bá fọ̀ tán, Wandle ni wọ́n ń dà á sí. Nígbà tí ọ̀dá bá mú, omi yẹn ló máa ń pọ̀ jù nínú odò láti ibẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀. Ní aago mẹ́ta òru, gbogbo ènìyàn ti sùn, omi tó ń wọ páìpù kò tó nǹkan. Tó bá di aago mẹ́fà sí mẹ́jọ àárọ̀, wọ́n ń wẹ̀, wọ́n ń fọṣọ, wọ́n ń lọ sí ilé ìyàgbẹ́. Omi náà á rin páìpù, á gba inú ilé ìfọmọ́ kọjá, ọ̀sán á ti pọ́n kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Bíríkì kan tó ń bọ́ sábẹ́ omi lọ́sàn-án yẹn, ìwẹ̀ àárọ̀ àwọn aládùúgbò yín ni.

ỌmọẸ̀gbá_Mitcham · Sátidé, 5:41 ìrọ̀lẹ́

Háà! Àwọn ọmọ mi ti bọ́ bàtà wọ inú omi yẹn lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá. Ṣé omi ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo jẹ́ kí wọ́n tẹ̀?

Ẹnjiníà_Olómi · Sátidé, 6:02 ìrọ̀lẹ́

Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Wọ́n ti yọ ìdọ̀tí kúrò kí wọ́n tó dà á sódò, ẹja ń gbé inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kì í pa gbogbo kòkòrò àìsàn tó wà níbẹ̀ tán, ìdọ̀tí títì sì tún ń bá òjò wọ̀ ọ́. Kí wọ́n má mu ún, ẹni tó bá ní egbò kó má wọ̀ ọ́, kí wọ́n sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí wọ́n tó jẹun. Lẹ́yìn òjò ńlá, kí wọ́n dúró lórí ilẹ̀.

Bàbá_Carshalton · Sátidé, 8:15 alẹ́

Ọmọ mi nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ aláìsàn o. Mo ti fẹ̀yìn tì, mo wà lára àwọn tó máa ń wọ bàtà rọ́bà lọ kó pàǹtírí nínú odò náà. Ohun tí ẹnjiníà sọ, bó ṣe rí gan-an nìyẹn.

Mo fẹ́ fi kún ti adágún. Nígbà tí ìsun bá ti dá, wọ́n máa ń fi ẹ̀rọ fa omi odò láti ìsàlẹ̀, wọ́n á gbé e gba inú páìpù padà sókè sí Carshalton, kí ibẹ̀ má bàa gbẹ pátápátá. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, ó dùn mí. Odò tí a ń gbé padà sí orísun ara rẹ̀! Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí àwọn ẹja kéékèèké tó kú sínú ẹrẹ̀ ní ọdún ọ̀dá kan, mo gbà pé ó sàn bẹ́ẹ̀.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Àfonífojì kan wà lókè Croydon, láti Caterham bọ̀ sí Kenley àti Purley, tí kì í ní odò lójú rárá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Tí òjò ìgbà òtútù bá ti pọ̀ jù, òkúta ẹfun yẹn á kún, omi á sì yọ láti inú ilẹ̀. Bourne ni wọ́n ń pè é. Àwọn àgbà ibẹ̀ láyé àtijọ́ gbà pé tó bá ti yọ, àjálù ń bọ̀ nìyẹn, omi ìbànújẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ó yọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2014. Mo lọ wò ó. Omi mímọ́ gaara ló ń ṣàn lójú títì, ẹ lè rí ìlà funfun tí wọ́n fà sí àárín ọ̀nà lábẹ́ rẹ̀. Kò pariwo. Àwọn panápaná ń fà á lọ́sàn-án lóru, kò dáwọ́ dúró, torí pé gbogbo òkè ló ń jáde bọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìtàn · Sátidé, 10:30 alẹ́

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Bíríkì ẹ̀gbọ́n wa yìí wọ̀ mí lára, torí ògiri irú èyí tí ẹ ń wò yẹn, àwọn onílé ẹ̀rọ tí agbára omi ń yí ló sábà máa ń mọ ọ́n. Aáṣáà ni wọ́n ń lọ̀ ní Ravensbury. Bẹ́ẹ̀ ni, aáṣáà tí ìyá àgbà ń fín símú. Ní Morden Hall tó wà nítòsí yín, kẹ̀kẹ́ omi ló ń lọ tábà di lẹ́búlẹ́bú títí di ọdún 1922. Ilé náà ṣì wà, kẹ̀kẹ́ náà ṣì wà lára rẹ̀.

Wandle kò gùn, ṣùgbọ́n láàárín kìlómítà 14 yẹn, ó sọ̀ kalẹ̀ ju mítà 30 lọ. Omi tó bá ń sọ̀ báyìí lágbára láti yí nǹkan. Ìsun òkúta ẹfun tún wà lẹ́yìn rẹ̀, kì í gbẹ ní ìrọ̀rùn, kì í sì í tètè di yìnyín. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi to ilé ẹ̀rọ sí i lára bí ìlẹ̀kẹ̀. Wọ́n lọ ìyẹ̀fun, wọ́n lọ ẹ̀tù ìbọn ní Carshalton, wọ́n fi òòlù ńlá tí omi ń gbé sókè lu bàbà, wọ́n ṣe bébà, wọ́n ṣe awọ, wọ́n sá aṣọ funfun sórí pápá, wọ́n tẹ ọnà sára aṣọ òwú. Ní Wandsworth, ilé iṣẹ́ Young's pọn bíà títí di ọdún 2006.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ gan-an nìyí. Nígbà tí ọdún 1800 ń wọlé bọ̀, àwọn oníṣòwò fẹ́ gbẹ́ odò àfọwọ́ṣe láti Wandsworth dé Croydon, kí ọkọ̀ ojú omi lè máa kó ẹrù. Wọ́n pe William Jessop, ẹnjiníà tó gbówọ́, pé kó wá wò ó. Ó ní omi kò tó. Bí wọ́n bá bù ú lára Wandle, kẹ̀kẹ́ àwọn onílé ẹ̀rọ kò ní yí mọ́, àwọn yẹn kò sì ní gbà. Ó ní ojú irin ni kí wọ́n ṣe. Ìjọba fọwọ́ sí i ní 1801, ó ṣí ní 1803: Surrey Iron Railway. Ẹṣin ló ń fa kẹ̀kẹ́ lórí irin náà, ẹnikẹ́ni tó bá ti san owó sì lè gbé ẹrù tirẹ̀ gba orí rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ nípa rélùwéè tó ń kó èrò nìyẹn. Ó kógbá wọlé ní 1846, ṣùgbọ́n tírámù tó ń lọ láti Wimbledon sí Croydon lónìí ń tọ apá kan ipa ọ̀nà rẹ̀ ní Mitcham. Omi tí kò tó ló bí ojú irin yẹn.

Ẹ̀gbọ́n, omi tó ń ga tó ń fà láìsí òjò kì í ṣe tuntun fún odò yìí. Oníṣẹ́ ẹ̀rọ omi níbi gbogbo, tí ọ̀dá bá dé, á ti ilẹ̀kùn omi rẹ̀ pa lóru kí omi lè gbá jọ lẹ́yìn ògiri, á ṣí i tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ á jí, á bá kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lórí ìyàngbẹ. Ìjà àti ẹjọ́ ló máa ń bí. Aago iṣẹ́ ènìyàn ni odò náà ń tẹ̀ lé nígbà yẹn, aago ìwẹ̀ ènìyàn ló ń tẹ̀ lé báyìí.

Aláró_Kẹ́mta · Sọ́ńdè, 7:05 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ gbogbo ilé. Abẹ́òkúta ni mo wà, n kò dé Lọ́ńdọ̀nù rí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ aró ni ìyá mi fi tọ́ mi, òun náà ni mò ń ṣe. Ẹ ní wọ́n tẹ ọnà sára aṣọ lẹ́bàá odò yìí. Ṣé aró ni wọ́n lò? Kí ni omi ibẹ̀ ṣe fún wọn?

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìtàn · Sọ́ńdè, 9:20 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀, mà. Aró ni o, aró èlú gan-an. Ní 1881, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ William Morris kó ilé iṣẹ́ rẹ̀ wá sí Merton Abbey. Nígbà yẹn, aró kẹ́míkà ti gba ìgboro, ó kórìíra rẹ̀, ó ní àwọ̀ rẹ̀ kò dára, kì í sì í pẹ́. Ó padà sí èlú àti àwọn gbòǹgbò tó ń mú àwọ̀ pupa wá. Ó wá odò kiri kó tó yan Wandle, nítorí omi rẹ̀ mọ́, ó pọ̀, ó sì bá aró mu. Inú odò náà ni wọ́n ti ń ṣan aṣọ. Ní 1884, ó fi orúkọ odò náà sọ ọ̀kan lára àwọn ọnà aṣọ rẹ̀.

Ọ̀nà tó ń gbà yàtọ̀ sí tiyín. Ó máa ń rẹ gbogbo aṣọ náà sínú aró kó dúdú látòkè délẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò wá fi igi tí wọ́n gbẹ́ ọnà sí tẹ kẹ́míkà tí ń bó àwọ̀ sí i lára. Ibi tí kẹ́míkà bá kàn á di funfun, tàbí kó ṣí díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò wá fi pupa àti ìyeyè sí i.

Aláró_Kẹ́mta · Sọ́ńdè, 9:58 àárọ̀

Mo dúpẹ́, ọmọ mi. Ó bó o lẹ́yìn. Àwa, iwájú la ti ń dí i. Ẹ̀kọ láfún la fi ń ya ọnà sí i pẹ̀lú ìyẹ́ adìẹ, ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní ríbi wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí òun àti àwa ti pàdé ni inú ìkòkò. Aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú aró kì í dúdú. Ewé tútù ló jọ, ó ń dán. Ẹ gbé e sókè, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, láti etí rẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n sí dúdú bí ojú ọ̀run tó ń ṣú, ẹ óò máa wò ó lọ́wọ́ yín. Ogójì ọdún ni mo ti ń wò ó, kò tíì sú mi.

Ọ̀rọ̀ omi tó sọ yẹn, òótọ́ ni. Omi tó ní erùpẹ̀ tàbí irin nínú á ba àwọ̀ jẹ́. Kànga tí mò ń lò, tí ẹ̀ẹ̀rùn bá pọ̀, tí omi rẹ̀ lọ sísàlẹ̀ tó wá di pupa díẹ̀, n kì í fi ṣan aṣọ, mo máa ń dúró.

Ẹ wá sọ fún mi: omi tí wọ́n fi ṣan aṣọ tán, ibo ló lọ?

Bàbá_Carshalton · Sọ́ńdè, 1:30 ọ̀sán

Inú odò ni, ìyá wa. Lẹ́yìn Morris, ilé iṣẹ́ Liberty tó ń tẹ ọnà sára aṣọ wà ní Merton títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Àwọn arúgbó tí mo bá níbí máa ń sọ pé àwọ̀ tí wọ́n bá ń lò lọ́jọ́ náà ni odò ń jẹ́: òní pupa, ọ̀la búlúù. Ní àwọn ọdún 1960, ìjọba kọ ọ́ sílẹ̀ pé kòtò ìdọ̀tí ni Wandle. Ẹja kò sí. Ní Croydon, wọ́n tiẹ̀ rì í mọ́lẹ̀ sínú páìpù, kí ojú má bàa rí i mọ́. Ọdún 2012 ni wọ́n tún hú u jáde ní Wandle Park.

Kẹ̀kẹ́ omi Liberty ṣì ń yí ní Merton Abbey Mills. Òun ni wọ́n fi ń yí àwọn igi tí wọ́n ká aṣọ sílíìkì mọ́ nínú odò láti fi ṣàn án láyé ìgbà yẹn. Ẹ gbọ́ ìró rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ kò ní gbàgbé.

Apẹja_Wandsworth · Sọ́ńdè, 4:45 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin àgbà, mo bọ̀wọ̀ fún ìtàn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gba ẹnu ẹja sọ̀rọ̀. Àwọn ìsédò, ìyẹn ògiri tí àwọn onílé ẹ̀rọ mọ dí odò, ṣì wà káàkiri, ẹni tí wọ́n mọ ọ́n fún ti kú tipẹ́. Lẹ́yìn ìsédò, omi dúró gbagidi, ẹrẹ̀ sìn sí ìsàlẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ tí ẹja trout máa ń yé sí ti bò mọ́lẹ̀. Ẹja tó fẹ́ gòkè á dé ìdí ògiri, á padà. Níbi tí wọ́n ti wó o tàbí tí wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ padà sínú omi, trout ti ń yé níbẹ̀. Àwọn South East Rivers Trust, ẹgbẹ́ kan tó ń tún odò ṣe, ti ṣe gudugudu méje lórí èyí.

Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá rẹ ìsédò kan sílẹ̀, ariwo á ta: “Odò ti ń gbẹ!” Kò gbẹ. Omi kan náà ló ń kọjá, ó kàn ń sáré nínú ọ̀nà tóóró dípò kó jókòó ni. Ìjìnlẹ̀ omi yàtọ̀ sí iye omi tó ń ṣàn.

Bàbá_Carshalton · Sọ́ńdè, 7:10 alẹ́

Ọmọ mi, mo gbà fún ọ lórí púpọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wó gbogbo rẹ̀, kí ni yóò yí kẹ̀kẹ́ Merton? Ìsédò ló ń gbé omi ga kó tó lè yí i. Kẹ̀kẹ́ tí kò lómi, igi lásán ni, àwọn ọmọ á wò ó wọ́n á kọjá. Ní tèmi, èyí tó ṣì ń yí nǹkan, ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ fún ẹja ní àtẹ̀gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èyí tí kò ní ilé ẹ̀rọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́, ẹ wó o.

Apẹja_Wandsworth · Sọ́ńdè, 7:32 alẹ́

Mo gbà bẹ́ẹ̀, sà. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ju ìsédò lọ ni pé odò tó gbára lé ilé ìfọmọ́ kan ṣoṣo, àṣìṣe kan péré ti tó. Ní 2007, kílórínì wọ inú rẹ̀ láti ibẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹja ló kú láàárín wákàtí díẹ̀. Ká ní ìsun ṣì lágbára bíi tàtijọ́ ni, omi rẹ̀ ì bá ti dín agbára kílórínì náà kù.

Ẹnjiníà_Olómi · Mọ́ńdè, 6:50 àárọ̀

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Iye omi tí ẹ óò bá níwájú ilé yín ní Mitcham lè tó bíi ti ayé àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ibi tó ti wá ti yí padà. Láyé wọn, òkúta ni ó ti ń bọ̀, ó tutù, ó mọ́, láti òkè Carshalton ló ti ń ṣàn. Lónìí a ń fà á kúrò nínú òkúta, a ń lò ó nílé, a wá ń dá a padà ní ìsàlẹ̀ Beddington. Apá òkè, láti ìsun dé ibẹ̀, òun ló ń jìyà. Galọ́ọ̀nù tí ará Sutton kò bá lò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé adágún Carshalton ni yóò ti yọ. Mo mọ̀ pé ènìyàn pọ̀ sí i ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dọọdún, a kò sì lè ní kí wọ́n má wẹ̀. Ṣùgbọ́n ọgbà tí wọ́n ń fi omi ẹ̀rọ bomi rin lọ́sàn-án gangan, páìpù tó ń jò lábẹ́ títì fún oṣù mẹ́ta, ìyẹn kì í ṣe ìwẹ̀.

Aláró_Kẹ́mta · Mọ́ńdè, 8:30 alẹ́

Mo ka gbogbo rẹ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi lónìí. A ti ń da omi sódà àti àṣẹ́kù aró sí gọ́tà iwájú ilé láti ọjọ́ pípẹ́, gọ́tà náà sì ń lọ sódò. A ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ kòtò sẹ́yìn ilé, a ó da iyanrìn àti èédú sínú rẹ̀. Ẹnjiníà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ bó ṣe yẹ kó jìn tó, àti bó ṣe yẹ kó jìnnà sí kànga tó.

Ẹnjiníà_Olómi · Mọ́ńdè, 9:05 alẹ́

Ẹ má tíì da ohunkóhun sí i, mà. Èédú kò lè pa sódà, sódà náà sì lè rìn lábẹ́ ilẹ̀ wọ kànga. Ẹ tọ́jú omi sódà lọ́tọ̀ sínú ike ńlá, kí ẹ tún un lò fún ìkòkò aró mìíràn níbi tó bá ṣeé ṣe. Mo ti kọ̀wé sí yín níkọ̀kọ̀, ẹ bá mi ya àwòrán àgbàlá ránṣẹ́ ká lè wo ibi tí ilẹ̀ ti sọ̀.

ỌmọẸ̀gbá_Mitcham · Sọ́ńdè, 5:20 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. N kò lọ síbi iṣẹ́ lónìí, torí náà mo ní àyè láti wò ó dáadáa. Mo mú ọmọbìnrin mi dání, òun ló ń kọ ọ́ sínú ìwé.

Aago mẹ́fà àárọ̀: bíríkì mẹ́fà. Aago méjì ọ̀sán, tó máa ń di márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀: mẹ́fà ṣì ni. A jẹun lórí koríko, a dúró. Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí omi tó bo bíríkì náà mọ́lẹ̀. Ọmọ mi béèrè ìdí tó fi pẹ́ lónìí. Mo ní Sọ́ńdè ni, àwọn èèyàn sùn pẹ́.